Etí Tó Ń Gbọ́ Irin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ iná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí, pàápàá bí wọ́n ṣe gbà kí n fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo ní Yorùbá ni n ó sọ, ẹnì kan nínú wọn bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tó máa tó wákàtí kan?" Mo ní kó má ṣèyọnu, kó kúkú máa gbàdúrà pé kí n dákẹ́ nígbà tí oúnjẹ bá jinná.

Lẹ́nu géètì láàárọ̀ yìí, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi ọ̀pá dúdú kan yẹ̀ mí wò láti èjìká dé kókósẹ̀. Fóònù 2 wà lápò mi, ìdì kọ́kọ́rọ́ kan wà lápò kejì, bẹ́líìtì mi sì ní irin lójú. Ọ̀pá náà kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ní, "Ẹ wọlé, sà." Mo wọlé. Ẹ bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn, n ó padà síbẹ̀.

Iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe, kí GSM tó dé ní 2001 tí gbogbo wa fi di ẹni tó ń gbé fóònù sápò. Àwa la máa ń gun òpó, àwa la máa ń wọ ihò abẹ́ títì. Bí fóònù ilé yín bá kú, àwa lẹ máa ń ṣépè fún. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ẹ̀rọ tí a fi ń wá ibi tí wáyà ti bàjẹ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ọ̀bẹ lára èrò ọkọ̀ òfurufú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwà kan náà ló wà lára wọn, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe wọ́n.

Ariwo ló kọ́kọ́ dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 7, oṣù Kẹta, 1876. Nígbà yẹn, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà láti ilé kan dé èkejì. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà. Owó tí wọ́n ń ná dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí ló ń jìyà rẹ̀. Wáyà tẹ́lígíráàfù, tí wọ́n fi ń tẹ ìròyìn ránṣẹ́, ti wà lórí òpó ṣáájú, wọ́n sì ń na ti tẹlifóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń tẹ tẹ́lígíráàfù lórí wáyà tirẹ̀, ẹni tó gbé tẹlifóònù sétí á máa gbọ́ kó-kó-kó, bí ẹni pé ẹyẹ akókó ń gbẹ́ igi nínú agbárí rẹ̀. Àwọn wáyà náà kò fara kan ara wọn o. Iná tó ń lọ sókè sódò nínú ọ̀kan ló ń jí iná kékeré mìíràn dìde nínú èkejì láti òkèèrè.

Oògùn tí wọ́n rí sí i ni pé kí wọ́n fa wáyà 2 dípò 1, kí wọ́n sì lọ́ wọn mọ́ra bí ẹni ń fi igbà ṣe okùn. Ariwo kan náà ni wáyà méjèèjì á gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé inú tẹlifóònù, wọn á máa fa ara wọn bí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba ṣe ń fa okùn: okùn kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ìdákẹ́jẹ́ ló kù. Bell gba ìwé àṣẹ lórí èyí ní 1881. Ẹ lọ tú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín, ẹ ó rí i pé méjì-méjì ni wọ́n lọ́ ọ mọ́ra títí dòní.

Kí ó tó dé ibẹ̀, ní 1877, Bell wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wá oríṣiríṣi ọ̀nà tí yóò fi pa ariwo yìí. Ó mú wáyà tí a ká róbótó. Ẹ rò ó bí òṣùká tí àwọn ìyá wa máa ń fi ru igbá. Òṣùká 2 ni. Ó fi iná tó ń gbọ̀n sí àkọ́kọ́, ó so tẹlifóònù mọ́ èkejì. Bí ẹ bá gbé òṣùká kejì sórí àkọ́kọ́, ẹ ó gbọ́ ariwo. Bí ẹ bá ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó dé ibì kan tí ohun tó ń wọlé lápá ọ̀tún àti ohun tó ń wọlé lápá òsì á pa ara wọn, tẹlifóònù á sì dákẹ́ pátápátá. Ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Bell ń wá. Ó rí i. Ó tún wá ṣàkíyèsí pé bí òun bá mú irin sún mọ́ ibẹ̀, tẹlifóònù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Iná tó ń gbọ̀n nínú òṣùká àkọ́kọ́ ń jí iná dìde nínú irin náà, iná ọ̀hún á sì máa yí po nínú irin bí omi odò ṣe ń yí níbi tó jìn. Òun náà á wá máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ìwọ̀n tó ti dọ́gba á fì sápá kan. Ó kan bàbà, ó kan òjé, ó kan wúrà, àní ohunkóhun tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 1879, David Hughes ní London ṣe irú ẹ̀rọ yìí lọ́nà tó já fáfá débi pé ó lè fi ya owó ẹyọ tó jẹ́ ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtipa ariwo ti bí ohun tó ń fi ariwo tú àṣírí.

Ọjọ́ 2, oṣù Keje, 1881. Ààrẹ Amẹ́ríkà, James Garfield, wọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Washington. Charles Guiteau yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mejì láti ẹ̀yìn. Ọta kan ha á lápá. Èkejì wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kò sì jáde. Kò tíì sí ẹ́kísíréè láyé. Ó ku ọdún 14 kí Röntgen tó rí i. Báwo ni wọ́n ṣe ń wá ọta nígbà náà? Ìka ni. Dókítà kan á ki ìka bọ ojú egbò, òmíràn á tún ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fọwọ́. Ìmọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí ló ń ba egbò jẹ́ ti wà ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n àwọn dókítà yìí kò kà á sí.

Bell gbọ́, ó sì sọ pé òun ní ohun tó lè gbọ́ irin láìfọwọ́ kan ẹran ara. Òun àti Sumner Tainter, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sùn. Wọ́n wá àwọn sójà àtijọ́ tó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí ọta ṣì wà lára wọn láti nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n fi ẹ̀rọ náà yẹ̀ wọ́n wò, ó sì dún níbi tí ọta wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí ibí yìí: Bell dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò lára ẹni tí a ti mọ ibi tí ọta wà lára rẹ̀, kó tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀.

Lọ́jọ́ 26, oṣù Keje, wọ́n gbé e dé yàrá Ààrẹ. Ariwo kan ń ta pàrà-pàrà nínú ẹ̀rọ náà tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun gidi. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n padà sílé ni wọ́n rí i pé wọ́n ti so ẹ̀yà ara rẹ̀ kan síbi tí kò yẹ. (Ẹ̀yin tẹ́kíníṣíàn tó wà níbí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ti ṣe é rí.) Wọ́n padà lọ lọ́jọ́ 1, oṣù Kẹjọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbọ́ ohùn kan tó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ káàkiri ibi tó fẹ̀, kò dúró sójú kan bí ọta ṣe yẹ kó ṣe. Bell bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá irin kan wà nítòsí. Wọ́n wá rántí sọ fún un pé lábẹ́ tìmùtìmù tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ lé, tìmùtìmù mìíràn wà tó jẹ́ wáyà irin.

Wáyà ibùsùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Èmi kò fi gbogbo ẹnu gbà. Dókítà tó jẹ́ olórí, Willard Bliss, ti pinnu pé apá ọ̀tún ni ọta náà wà, ó ti sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn, apá ọ̀tún yẹn nìkan ló sì ní kí wọ́n wá a sí. Ààrẹ kú lọ́jọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, apá òsì ni wọ́n bá ọta náà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé Ààrẹ sórí ẹní, kí ni etí tó ń gbọ́ irin fẹ́ gbọ́ níbi tí irin kò sí?

Láàárín oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, ìyàwó Bell bí ọmọkùnrin kan tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ náà kò lè mí dáadáa, ó sì kú. Bell wá ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, torí àwọn ènìyàn máa ń rò pé orí tútù ni àwọn olùhùmọ̀ fi ń ronú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí wáyà.

Ẹni tó bá lo fóònù ilé mọ ohùn kan ṣoṣo: "Fóònù mi ti kú." Lójú tiwa, ikú pọ̀ lóríṣi. Wáyà lè gé, àwa ń pe ìyẹn ní "dis". Wáyà 2 lè fara kan ara wọn. Omi lè wọnú kébù kí iná máa jò wọlẹ̀, ìyẹn ni "ẹ́ẹ̀tì". Bí kébù bá gùn ní kìlómítà 8, tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tó gba abẹ́ ọjà àti abẹ́ mọ́ṣáláṣí kọjá, ẹ kò lè máa gbẹ́ ilẹ̀ kiri. Ẹ gbọ́dọ̀ jókòó sí ẹ̀ṣíńjì, ilé tí gbogbo wáyà fóònù ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ pé, "Ibí báyìí ni."

Ohun tí a fi ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní Wheatstone bridge. Samuel Hunter Christie ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1833. Charles Wheatstone gbé e jáde fáyé rí ní 1843, ó sì jẹ́wọ́ pé Christie ló ni í. Ẹni tó jẹ́wọ́ ni ayé wá fi orúkọ rẹ̀ pe nǹkan náà, ẹ gbà mí o. Ẹ rò ó bí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, àwo kan lọ́tùn-ún, àwo kan lósì. Iná á pín sí ọ̀nà méjì, mítà á wà láàárín. Bí ìhà méjèèjì bá ń tako iná lọ́nà tó dọ́gba, abẹ́rẹ́ mítà kò ní mira. Ẹ rí i bó ṣe jọ ti Bell? Ìdákẹ́jẹ́ náà la tún ń wá.

Ká ní iná ń jò wọlẹ̀ níbì kan lórí wáyà kìlómítà 8 yẹn. A ó wá wáyà tó dára nínú kébù kan náà, a ó ní kí ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́hùn-ún so orí àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ti di wáyà kan tó lọ tó tún bọ̀, kìlómítà 16. Ibi tí iná ti ń jò ti pín in sí méjì. A ó máa yí ìwọ̀n wa títí mítà á fi dákẹ́. Bó bá dákẹ́ nígbà tí ìhà kan jẹ́ 1 tí ìhà kejì jẹ́ 3, a mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin kìlómítà 16 ni ibẹ̀ fi jìnnà sí wa. Kìlómítà 4. Ẹ gbé ṣọ́bìrì. Murray lorúkọ àyẹ̀wò yìí. Àbúrò rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Varley.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán, mo wọn kébù kan bí mo ṣe ṣàlàyé yìí, mo ṣírò rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ wọn títì, mo ní, "Ẹ gbẹ́ ibí." Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá alámàlà kan ni, aago 11 àárọ̀, nígbà tí èrò ń ya wọlé. Wọ́n gbẹ́ ẹ. Kébù náà ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rì í. Mo tún ìṣírò ṣe, a gbẹ́ ibòmíràn, ó tún dára. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá kan tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì wá wò mí, ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé wáyà yìí dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?" Láti ẹ̀ṣíńjì dé ibì kan, wáyà tó nípọn ni wọ́n lò, mìlímítà 0.9, láti ibẹ̀ lọ, wọ́n so ó mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, 0.5. Kìlómítà kan wáyà 0.5 ń tako iná tó nǹkan bí ohm 84 (ohm la fi ń wọn ìtakò iná), ti 0.9 kò ju nǹkan bí ohm 26 lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Mítà kò parọ́ fún mi. Mo bi í ní ìbéèrè ní ohm, ó dá mi lóhùn ní ohm. Èmi ni mo sọ ohm di ìṣísẹ̀. Ìyá alámàlà yẹn, fún bí ọdún 2 lẹ́yìn rẹ̀, bí mo bá kọjá, á ní, "Ọmọ wáyà, ṣé o tún ti sọ nǹkan nù ni?"

Bí wáyà bá gé pátápátá, ìwọ̀n yẹn kò wúlò, torí iná kò ní lọ débì kankan. Ṣùgbọ́n wáyà tó gé dà bí kèrègbè: bó bá ṣe gùn tó ni iná tí yóò gbà sínú ṣe máa pọ̀ tó. A ó rọ iná sí i, a ó yí i padà lójijì, abẹ́rẹ́ mítà á ta fìrì. Bó bá ṣe ta jìnnà tó la fi ń mọ ibi tí gígé náà wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ tó ń lo gbohùngbohùn dé. Ẹ̀rọ náà á ju iná kékeré kan sínú wáyà, á sì máa retí kó padà. Nínú kébù, iná ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pín ìṣẹ́jú àáyá sọ́nà mílíọ̀nù 1, mú 10 nínú rẹ̀: bí gbohùngbohùn bá padà láàárín ìyẹn, ó ti rin kìlómítà 2 ní àlọ àti àbọ̀, ibi tó bàjẹ́ sì jìnnà ní kìlómítà 1. Bí wáyà bá gé, gbohùngbohùn á padà pẹ̀lú orí lókè. Bí wáyà 2 bá fara kan ara wọn, á padà pẹ̀lú orí nílẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lójú ẹ̀rọ.

Mẹ́gà náà kò ní jẹ́ kí n gbàgbé òun. Àwọn oníná ilé tó wà níbí mọ̀ ọ́n. Èyí tí àwa ń lò ní ọwọ́ tí a ń yí bí ẹni ń lọ ata. Volt 500 ló ń rọ sínú wáyà láti mọ̀ bóyá rọ́bà ara rẹ̀ ṣì dára. Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí o yọ fóònù kúrò lẹ́nu wáyà kí o tó yí i. Àyẹ̀wò lè pa ohun tí a ń yẹ̀ wò.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, níbi tó tóbi ju fóònù ilé lọ. Ní 1858 wọ́n tẹ́ kébù tẹ́lígíráàfù sábẹ́ Òkun Àtìláńtíìkì láti Ireland dé Newfoundland. Ọ̀rọ̀ 98 ni Ọbabìnrin Victoria fi kí Ààrẹ Amẹ́ríkà, wákàtí 16 ni ó sì gbà kó tó kọjá tán. Kébù náà ń ṣe òjòjò, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. William Thomson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ní kí wọ́n lo iná kékeré àti mítà tó mọ́ran, tó lè rí iná tó kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n Wildman Whitehouse, tó jẹ́ olórí oníná wọn, tó sì jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ níṣẹ́, gbà pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, kí a pariwo mọ́ ọn ni. Ó rọ nǹkan bí volt 2,000 sínú rẹ̀. Kébù tí ẹ̀mí rẹ̀ ti ń fà á kò tó oṣù kan tó fi dákẹ́. Ó di 1866 kí wọ́n tó ní èyí tó dúró pẹ́. Ní 1886 ni kébù abẹ́ òkun so Èkó wa pọ̀ mọ́ London, ìgbà tí wọ́n ti fi ojú àwọn kan rí màbo kí ọgbọ́n tó dé.

Etí irin ń kọ́? Kò sùn ní gbogbo àkókò yìí. Gerhard Fischer, ọmọ Jámánì tó lọ sí California, ń ṣiṣẹ́ lórí rédíò tí ọkọ̀ òfurufú fi ń mọ ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà máa ń ṣìnà níbi tí irin bá wà nítòsí. Ẹlòmíràn ì bá bínú. Fischer sọ àṣìṣe náà di ọjà, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1937. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Józef Kosacki, ọmọ ogun Poland tó sá wá sí Scotland, ṣe èyí tí sójà lè gbé lọ́wọ́ láti fi wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀: òṣùká lórí ọ̀pá, nǹkan ìgbọ́ran létí, àpótí lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ kò tó kílò 14. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Irú ẹ̀ 500 ni wọ́n lò lójú ogun El Alamein ní ilẹ̀ Íjíbítì ní 1942. Ẹni tó bá rí àwòrán àwọn sójà yẹn, tí wọ́n tẹ̀ba, tí wọ́n ń fi etí wá ikú nínú yanrìn, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ Bell lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Garfield ni wọ́n ń ṣe.

Pápákọ̀ òfurufú kò tètè gbà á. Ní Amẹ́ríkà láàárín 1968 sí 1972, wọ́n já ọkọ̀ òfurufú gbà ní ìgbà tó lé ní 100. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní bí àwọn bá ń yẹ èrò wò, èrò á bínú. Ní oṣù Kọkànlá 1972, àwọn mẹ́ta já ọkọ̀ kan gbà, wọ́n ní àwọn á fi kọlu ilé iṣẹ́ átọ́míìkì ní Oak Ridge. Ariyànjiyàn parí. Láti ọjọ́ 5, oṣù Kíní, 1973, gbogbo èrò ló di dandan fún kí wọ́n yẹ̀ wò. Férémù tí ẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lónìí, òṣùká ló wà nínú ògiri rẹ̀ méjèèjì. Á ju agbára magnẹ́ẹ̀tì síta fìrí, á pa á, á wá tẹ́tí. Bí kò bá sí irin, gbogbo rẹ̀ á parẹ́ kíá. Bí irin bá wà, iná tó ń yí po nínú rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó kú, ìpẹ́ díẹ̀ yẹn ló ń mú kó dún. Ti báàgì, ẹ́kísíréè ni: ojú ẹ̀rọ á fi àwọ̀ ọsàn kun oúnjẹ, aṣọ àti ìwé, á fi àwọ̀ aró kun irin. Ọṣẹ dúdú àti gàrí tí ẹ ń kó lọ fún àwọn ọmọ ní London, àwọ̀ ọsàn kan náà tí wọ́n fi ń kun ohun abúgbàù ni wọ́n ń ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú báàgì yín, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra gàrí.

Lọ́jọ́ 25, oṣù Kejìlá, 2009, ọ̀rọ̀ kan àwa náà. Umar Farouk Abdulmutallab wọkọ̀ ní Èkó, ó dé Amsterdam, ó wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Detroit, ohun abúgbàù wà nínú pátá rẹ̀. Kò dún nígbà tó ń kọjá. Kí ló fẹ́ mú un dún? Kẹ́míkà tó ń jẹ́ PETN ni, kò sí irin nínú rẹ̀. Etí tí a kọ́ láti gbọ́ irin kò gbọ́ ohun tí kì í ṣe irin, ó sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé. Nǹkan náà kò bú bó ṣe fẹ́, iná jó o lára, àwọn èrò sì rọ́ lù ú. Bàbá rẹ̀ gan-an ti lọ kìlọ̀ fún ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Abuja ní oṣù tó ṣáájú. Ìkìlọ̀ bàbá yẹn ni àyẹ̀wò tó ríran jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, kò sì ní bátìrì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tí ẹ máa ń gbọ́wọ́ sókè nínú rẹ̀ di ohun ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ńlá. Ìgbì rédíò tó kúrú ni òun ń lò. Ó ń gba inú aṣọ kọjá, ó ń ta padà lára awọ. Kò béèrè bóyá irin ni, ohun tó ń béèrè ni bóyá nǹkan kan wà níbi tí kò yẹ kí nǹkan wà. Àwọn ọmọ wa obìnrin ní Amẹ́ríkà mọ ibi tí ìyẹn yọrí sí. Irun dídì tàbí irun tó kún, ẹ̀rọ á fàmì sí orí wọn, òṣìṣẹ́ á ní òun fẹ́ fọwọ́ kan irun. Ta ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà bí orí ènìyàn ṣe yẹ kó rí?

Ó ku ẹ̀rọ kan tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá. James McCormick, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ohun kan tó pè ní ADE 651 fún ìjọba Iraq àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọwọ́ ike kan ni, éríà irin kan bíi ti rédíò yọ lórí rẹ̀ tó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Kò ní bátìrì. Wọ́n ní ara ẹni tó dì í mú ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n ní ó ń rí bọ́ǹbù láti ọ̀nà jíjìn. Ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí dọ́là 20, tí wọ́n ní ó ń bá ènìyàn wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó sọnù, ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ló sì ń ta ọ̀kan. Àwọn sójà fi í dúró lójú ọ̀nà Baghdad, bọ́ǹbù sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 10 ní London ní 2013.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a ṣe lè mọ̀ kò ṣòro. Ní 2002, ilé ìwádìí Sandia ní Amẹ́ríkà yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan wò, MOLE lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kó ohun abúgbàù pamọ́, ẹni tó di ẹ̀rọ mú kò mọ ibi tó wà, ẹni tó dúró tì í náà kò mọ̀. Ẹ̀rọ náà kò sàn ju kí ènìyàn kàn máa méfò lọ. Ẹni tó di éríà mú, tó ti mọ ibi tí nǹkan wà, ọwọ́ rẹ̀ á fì síbẹ̀ láìmọ̀. Kò parọ́, ara rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, Willard Bliss náà ní irú éríà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ti fì sápá ọ̀tún.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé oúnjẹ dé, mo ti gbóòórùn rẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, mo padà lọ bá ọmọ ẹnu géètì yẹn, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀pá yẹn kan irin géètì yìí fún mi." Ó fi kàn án. Kò dún. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọ̀gá òun wà nítòsí, ó ní, "Bàbá, kò ní bátìrì láti ìgbà tí mo ti dé síbí. Wọ́n kàn ní kí n máa fì í ni."